Kánáálì àtijọ́ ládùúgbò yín ti dí? Bí a ṣe ṣí tiwa n'Ìbàdàn rèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá pé báwo la ṣe ṣe kánáálì ẹ̀yìn ilé wa tó fi padà ń ṣàn, torí wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà tí igbó àti ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀, tí àlejò lè gba orí ẹ̀ kọjá kó má mọ̀ pé ojú omi lòun ń tẹ̀. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ibi tá a ti ṣe é re àti ibi tá a ti ṣì í ṣe, kẹ́ ẹ má baà tún lọ ná owó síbi táwa ti ná tiwa dànù.

Ọmọ Ìbàdàn tó bá ti dàgbà mọ ohun tó ń jẹ́ Omíyalé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, gbé mọ́tò, tó sì gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dojú kọ iṣẹ́ kánáálì Ògùnpa gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gbà kó tó parí. A rò pé ó tán nìyẹn. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀, 187.5 mìlímítà láàárín wákàtí tí ò tó márùn-ún, èèyàn tó ju 100 lọ tún bá a lọ, afárá sì wó káàkiri ìlú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí òjò yẹn ṣe pọ̀ tó, ẹ mú pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100. Omi tó já sórí pulọ́ọ̀tì yẹn nìkan máa tó 87,000 lítà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,500 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ẹ wá ka iye pulọ́ọ̀tì tó wà ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ bi ara yín pé níbo ni gbogbo omi yẹn fẹ́ gbà lọ tí kánáálì bá dí.

Odò ńlá kì í dá kún. Àwọn kéékèèké tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló ń lọ bá a. Tiwa yìí, inú odò Kúdẹtì ló ń ṣàn sí, Kúdẹtì ń lọ bá Ògùnpa, Ògùnpa ń lọ sínú odò Ọ̀nà. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní ìjọba gba owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé lọ́dún 2014, 200 mílíọ̀nù dọ́là, láti fi kojú omíyalé n'Ìbàdàn, ẹ má ká ọwọ́ gbera, torí kò sí owó tó lè dé gbogbo gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Ti ẹ̀yìn ilé, àwa la ni ín.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú kẹ́ ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ odò lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè. Ìkejì, ẹ wá ìsàlẹ̀ inú kánáálì tí àwọn tó kọ́ ọ látijọ́ fi sílẹ̀ rí kẹ́ ẹ tó ronú kan kọnkéré tuntun. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, abẹ́ méjì yìí ló wà.

Ti àsìkò ná. Tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró lóṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ ti máa ṣèpàdé, kẹ́ ẹ fi ọyẹ́ gbẹ́ ẹ, kí iṣẹ́ ẹrẹ̀ sì ti tán pátápátá kó tó di ìparí oṣù kẹta. Ẹnì kan máa sọ fún yín pé ṣebí òjò máa ń sinmi lóṣù kẹjọ, ẹ jẹ́ ká ṣe é nígbà yẹn. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ padà wo déètì méjì tí mo kọ sókè yẹn, oṣù kẹjọ ni méjèèjì.

Kẹ́ ẹ tó wọ inú ẹ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí o, òun ló bá wa gba owó là jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá àgbà kan ló wà tí ẹsẹ̀ ń dùn, a gbé àga fún wọn a sì rọra mú wọn dé etí igbó yẹn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka, wọ́n ní ibi tí mo dúró sí yẹn, omi ló wà níbẹ̀, pé orí òkúta pẹlẹbẹ làwọn ti ń fọṣọ, pé lókè díẹ̀ níbi ìdí igi àgbálùmọ̀ làwọn ti ń rẹ pákí láfún. Wọ́n ní láyé àwọn wolé-wolé ni wọ́n to òkúta sí i lápá méjèèjì, pé wolé-wolé máa ń bọ̀ wá wò ó, tí wọ́n bá bá ìdọ̀tí níbẹ̀ onílé máa sanwó ìtanràn. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwa tá a jẹ́ lándílọ́ọ̀dù. Ojú ọ̀nà tí ìyá fi ọ̀pá tọ́ka sí, ó fi bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yàtọ̀ síbi tí omi ń gbà nígbà náà. Ká ní a ò bi wọ́n ni, ibi tí kì í ṣe ojú odò la ò bá gbẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ rìn ín. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ rìn láti ibi tó ti ń já sínú odò ńlá dé orísun ẹ̀, kí ẹnì kan máa ya fọ́tò, kí ẹlòmíì máa kọ ọ́. Ẹ ṣí máàpù Google lórí fóònù yín, ẹ máa fi àmì síbi tẹ́ ẹ bá ti rí ògiri tó wó, igi tó ṣubú dí i, páìpù ṣalángá tó wọ inú ẹ̀, ilé tó jókòó lé e, afárá kékeré abẹ́ títì tó ti kún fún yanrìn. Àwọn afárá kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ wò jù. Kánáálì lè fẹ̀ bíi yàrá méjì, tí ẹnu afárá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ò bá ju ẹnu garawa lọ, omi á kàn padà sẹ́yìn ni.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Kò di ìgbà tẹ́ ẹ bá pe ẹnjiníà fún èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan ládùúgbò kẹ́ ẹ mú un mọ́ra, ẹ máa nílò ẹ̀ tó bá kan ògiri. Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́lì ti tó. Ẹ mú un láti ibì kan sí ìkejì, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń dagun. Fún gọ́tà àdúgbò, tó bá fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ sílẹ̀ nínú mítà mẹ́wàá, omi máa rìn dáadáa. Ibi tó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ tàbí tó tún gòkè, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ń jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí omi ṣe ń sáré náà ṣe é wọ̀n, ọsàn kan lẹ máa fi ṣe é. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá létí omi, ẹ ju ọsàn sí i lókè, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi dé ìsàlẹ̀. Ká ní ó gba 20, á jẹ́ pé omi ń rin ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí omi yẹn bá fẹ̀ ní mítà méjì, tó jìn ní ìdajì mítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: méjì lọ́nà ìdajì lọ́nà ìdajì, ìdajì kúbíìkì mítà omi nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 500 lítà. Ṣùgbọ́n omi ojú máa ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí náà ẹ mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹ̀, 400 lítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ tán. Èyí ló jẹ́ káwọn tó dáwó nígbàgbọ́, torí wọ́n fojú ara wọn rí ọsàn tó ń rọra yí bí ìgbín tẹ́lẹ̀ tó wá ń sá lọ. Omi tó bá ti ń rin nǹkan bí 0.6 mítà lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun fúnra ẹ̀ á máa gbé yanrìn díẹ̀díẹ̀ ẹ̀ lọ, iṣẹ́ yín á dín kù.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù yín àti sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ẹ fi fọ́tò tì í, ẹ gba èsì lákọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ àti àwọn Mọ́gàjí mọ̀. Tẹ́ ẹ bá bá ilé tó wà lórí ojú omi, ẹ má fọwọ́ ara yín kan bíríkì kan lára ẹ̀ láéláé, ìjọba ló ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé wíwó máa ń di ìjà tí iṣẹ́ fi ń dúró. Owó tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìpàdé, orúkọ ẹni tó san, iye tó san, ohun tẹ́ ẹ rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ inú ẹrẹ̀ yẹn lásán. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, ìgbẹ́ èèyàn wà níbẹ̀, ìtọ̀ eku náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń fa ibà tó ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bàtà òjò tó ga dé orúnkún, gíláàfù rọ́bà tó nípọn, kí olúkúlùkù sì ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ṣáájú. Ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀, kó dúró sókè kó máa ti bárò. Ọṣẹ àti omi tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà létí ibẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má jẹun kó tó wẹ ọwọ́. Ọmọ kékeré ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ó wá kan gbígbẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ tá a ṣe é, ọ̀dọ̀ wa lókè níbi tí òórùn ti ń yọ àwọn tó ń ṣètò lẹ́nu la ti bẹ̀rẹ̀. A gbẹ́ ẹ mọ́ tónítóní. Òjò kejì tó rọ̀, omi tí ò rí ọ̀nà lọ tẹ́lẹ̀ rí ọ̀nà, ó sáré kọjá ọ̀dọ̀ wa, ó lọ bá ẹrẹ̀ tó ṣì wà nísàlẹ̀, ó sì yà wọlé àwọn aládùúgbò wa méjì tí omi ò wọlé wọn rí. Mo ṣì ń rántí bí màmá kan ṣe ń kó ẹ̀wà tó ti wú jáde nínú àpò, ọjà tí wọ́n fẹ́ tà ni. A tọrọ àforíjì, a dáwó fún wọn, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀ títí dòní tí mo bá rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, láti ẹnu ibi tó ti ń já sínú odò, kẹ́ ẹ máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tú omi sílẹ̀, ọ̀nà ti là níwájú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ń gbẹ́, ẹ má fi kátápílà há a lọ gbuurugbu. Ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ ihò wò ná, ní bíi mítà ogún ogún síra wọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹrẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wá, tó kún fún ọ̀rá píọ́wọ́tà, lẹ́yìn náà yanrìn pupa, lẹ́yìn náà yanrìn funfun tó mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbáròkó ọmọkùnrin tó ń gbẹ́ ẹ nígbà tí dígà ẹ̀ dún kàà. Gbogbo wa dákẹ́. Ó fọwọ́ pa yanrìn kúrò, ó da omi sí i, ni òkúta pẹlẹbẹ bá yọ, wọ́n tò ó mọ́ra wọn bí eyín, ojú ẹ̀ ń dán torí omi tó ti ń gba orí ẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Òkúta tí ìyá àgbà wí nìyẹn. Ẹni tó ti fẹ́ gba iṣẹ́ kọnkéré lọ́wọ́ wa ti ní ká da ìsàlẹ̀ tuntun sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, owó gọbọi ló bù, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ tó dáa ju tiẹ̀ lọ ti wà níbẹ̀. Torí náà ibi tí dígà bá ti dún, ẹ gbé dígà sílẹ̀, ẹ mú ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn lẹ máa tẹ̀ lé lọ sókè, ó ti ní dídagun tiẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n sí i, ẹ má gbẹ́ kọjá ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ìdí ògiri kọjá ibi tó jókòó lé, ó máa ṣubú.

Ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó jáde, ẹ má kó o sí etí ẹ̀ kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Àwọn kan tá a kọ́kọ́ sanwó fún kó o jọ gègèrè sétí omi, wọ́n gbowó, wọ́n lọ, òjò méjì péré ló dá gbogbo ẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí omi inú ẹ̀ ro fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí ilẹ̀ tó jìnnà sétí omi, kẹ́ ẹ fi típà kó o. Yanrìn funfun tó mọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, ó wúlò fún àwọn ibi tí títì ti jẹ. Ẹrẹ̀ dúdú, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó o lọ gbin ẹ̀fọ́ o, ẹ ò mọ ohun tó ti mu láti ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì àti àwọn tó ń rẹ aṣọ láró.

Ti ògiri òkúta. Ibi tó bá ṣì dúró, àlàfo tó wà láàárín òkúta nìkan lẹ máa tún dí. Ẹ fi irin họ símẹ́ǹtì tó ti jẹrà kúrò, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá fi símẹ́ǹtì orí kan yanrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tì í wọlé dáadáa, kẹ́ ẹ fi àpò tó tutù bò ó fún ọjọ́ méje kó má sán. Ibi tó bá ti wó, òkúta ẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ kó jáde, ẹ ṣà á, òun náà lẹ máa fi tò ó padà. Ẹ sì fi ihò sílẹ̀ lára ògiri, páìpù kékeré kan ní bíi mítà méjì méjì, kí omi tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri lè rí ibi yọ. A mọ apá ibì kan tí a ò fihò sí, ó lẹ́wà gan-an, lẹ́yìn òjò ọdún kan ó wú síwájú bí ikùn aboyún, ó sì là. Omi ẹ̀yìn ògiri ló tì í.

Ibi tí kò sí òkúta látijọ́, tó jẹ́ ilẹ̀ lásán, ẹ má sáré da kọnkéré bò ó. Koríko vetiver dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ibẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ máa ń wọlẹ̀ lọ tààrà tó mítà mẹ́ta, ó ń di ilẹ̀ mú bí okùn. Ẹ gbìn ín ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra wọn, ní ìlà tó dábùú etí odò, tí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ewúrẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ibi tí omi ti ń lù ú gan-an níbi kọ́nà, àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta sí nínú ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀. Igi àgbálùmọ̀ ìyá àgbà yẹn, a ò gé e, ẹ̀ka tó kan omi nìkan la gé.

Lókè ibi tí afárá kékeré abẹ́ títì bá wà, ẹ fi rọ́ọ̀dù irin ṣe ìdènà, kí àlàfo ẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kó dà gbalaja sẹ́yìn díẹ̀ kí èèyàn lè fi réèkì fa ìdọ̀tí gòkè. Ìdènà tí ẹnikẹ́ni ò bá fà burú ju kó má sí lọ, torí ọ̀rá máa bò ó, á di ògiri. Ojúlé méjì méjì la pín in sí lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ wọn wà lára ògiri, kété tí òjò bá ti dá ni wọ́n ń jáde, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé sànítéṣọ̀n nìkan. Ẹ bá àwọn tó ń kólẹ̀ ṣàdéhùn kí wọ́n máa dé ìtòsí kánáálì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ò rí ibi da ilẹ̀ sí ló ń dà á sómi.

Páìpù ṣalángá ló le jù. Ilé mẹ́rin ló ń tú u sínú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjà kọ́ la fi ṣe é, a lọ bá wọn nílé lálẹ́, pẹ̀lú àgbà méjì, a jókòó. Mẹ́ta gbà láti gbẹ́ sọ́kàwéè, ìkẹrin ò lówó ẹ̀ lóòótọ́, àdúgbò ló bá a dá a, ó sì ń san án padà díẹ̀díẹ̀.

Tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá wá rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yín, ẹ má sùn. Ẹ dúró sókè, ẹ má wọ inú ẹ̀, kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀, ẹnì kan láàárín, ẹnì kan lókè, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fóònù, kẹ́ ẹ máa sọ fúnra yín ibi tí omi dé. Tó bá fà tán láàárọ̀, ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri dé, ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbẹ̀, ẹ kọ déètì sí i. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí òjò tó tó bẹ́ẹ̀ rọ̀ tí omi sì ga ju ìlà yẹn lọ, nǹkan kan ti ń dí níbì kan nísàlẹ̀ nìyẹn, ẹ gbé bàtà òjò yín, kẹ́ ẹ lọ wò ó láti ẹnu odò.